Iṣan Àlọ àti Iṣan Àbọ̀: Ìtọ́jú Àrùn Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "iṣan" jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi í pè ju ẹyọ kan lọ. Okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni. Fọ́nrán tí ń gbé ìrora láti ọmọ-ìka lọ sí ọpọlọ, iṣan ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn, iṣan ni. Èyí tí ó sì ń gbà padà sínú ọkàn, iṣan náà ni. Bí àgbàlagbà kan bá fi ọwọ́ pa itan rẹ̀, tí ó ní, "Iṣan ni ó ń dà mí láàmú," gbogbo ará ilé ni yóò gbọ́ ohun tí ó wí, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èwo ni ó ń wí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ilé-ìwòsàn, ọ̀ràn mìíràn ni. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, àwọn méjì tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n jọ ara wọn jù lójú ẹni tí kò kọ́ nípa wọn. Àwọn náà ni ìtọ́jú wọn sì takora jù. Ohun tí ó ń wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀nà méjèèjì ṣe yàtọ̀, bí àwọn oníṣègùn ṣe ń mọ èyí tí ó ń ṣàìsàn, ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwa tí a ní èdè ní orúkọ méjì fún ohun méjì. Èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni a ó máa pè ní iṣan àlọ. Èyí tí ń gbé e padà wá ni a ó máa pè ní iṣan àbọ̀. Àwọn kan ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ohun tí ó kù ni kí orúkọ náà dé ẹnu àwọn ènìyàn.

Bí Ọ̀nà Méjèèjì Ṣe Rí

Fún ọdún tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọn oníṣègùn Yúróòpù gbà pé inú ẹ̀dọ̀ ni a ti ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀, àti pé ara a máa mu ún tán bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi òjò. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Ibn al-Nafis, oníṣègùn kan ní ìlú Káírò, ti kọ ọ́ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti apá ọ̀tún ọkàn kí ó tó dé apá òsì. Ṣùgbọ́n ọdún 1628 ni William Harvey, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó yí èrò gbogbo ayé padà jáde. Ó ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù. Ó rí i pé láàrin ààbọ̀ wákàtí, iye náà yóò pọ̀ ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ara lọ. Oúnjẹ wo ni ènìyàn lè jẹ tí yóò di ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀.

Harvey tún fi apá ènìyàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi ọ̀já di apá náà, àwọn iṣan àbọ̀ yọ sókè, kókó kéékèèké sì hàn lára wọn. Ó fi ìka ti ẹ̀jẹ̀ kọjá kókó kan sí ọ̀nà ọkàn, ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti tì í padà sí ọ̀nà ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò lọ. Ìlẹ̀kùn ni àwọn kókó náà. Ọ̀nà kan ni wọ́n ń ṣí sí, ọ̀nà ọkàn sì ni.

Nínú àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Iṣan àlọ kò nílò ìlẹ̀kùn ní ojú ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé agbára ọkàn ni ó ń lé ẹ̀jẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì le. Bí a bá fi ìka lé e ní ọrùn ọwọ́, a ó gbọ́ bí ó ti ń sọ kúlúkúlú. Iṣan àbọ̀ kì í sọ. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì ní agbára mọ́. Báwo wá ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè padà sí àyà? Ẹran tí ó wà ní ẹ̀yìn ojúgun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹran yìí a fún iṣan àbọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a ta sókè, ìlẹ̀kùn a sì tì lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà padà. Ẹni tí ó dúró sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ ti dá ẹni tí ń fa omi yìí dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Àrùn Iṣan Àlọ

Àrùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú iṣan àlọ ni dídí. Ọ̀rá a máa dì mọ́ ara ògiri rẹ̀ nínú, a sì máa le bí òkúta bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, títí ọ̀nà yóò fi há. Ọjọ́ ogbó wà lára ohun tí ó ń fà á, ṣùgbọ́n tábà, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yá a lọ́wọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan tí ń bọ́ ọkàn, àyà ni yóò mú ènìyàn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú èyí tí ń lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni yóò dé. Èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fura sí, òun sì ni a ó gbé yẹ̀wò níhìn-ín.

Ẹni tí ó ní i lè rin ìwọ̀n kan dáadáa, lẹ́yìn náà ẹran ẹ̀yìn ojúgun á mú un gan-an, á sì dúró bí ẹni tí ń kí ará ọ̀nà. Bí ó bá sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrora á lọ. Bí ó bá tún rin ìwọ̀n kan náà, á tún mú un. Ìrora yìí ní òṣùwọ̀n, ìyẹn sì ni ó fi yàtọ̀ sí làkúrègbé. Làkúrègbé a máa mú ènìyàn bí ó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ìrora iṣan àlọ a máa ka ìṣísẹ̀. Bí àrùn náà bá ti wọra, ìrora á máa wá ní òru nígbà tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ara lè tù ú. Lẹ́yìn èyí ni egbò á yọ ní ṣóńṣó ọmọ-ìka tàbí ní gìgísẹ̀, tí kò ní jinná. Níkẹyìn ọmọ-ìka á dúdú, á gbẹ, á sì kú.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ni dídí náà ń dé. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè já kúrò nínú ọkàn tí kò lù déédéé, kí ó sì lọ há sí iṣan àlọ itan. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹsẹ̀ yóò tutù bí omi inú àmù, tí yóò máa ro ni gidigidi, tí yóò sì kú tipiri tí kò ní ṣeé gbé. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná ni a ti ń rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kúrò níbẹ̀: wọn a funfun bí ẹfun. Láàrin nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀nà tí kò ní àtúnṣe. Kò sí àyè láti dúró di ọjọ́ kejì.

Àrùn Iṣan Àbọ̀

Ní ti iṣan àbọ̀, ìlẹ̀kùn ni ó sábà máa ń bàjẹ́. Bí ìlẹ̀kùn kan kò bá tì mọ́, ẹ̀jẹ̀ á wó lu èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á ba òun náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró sójú kan nínú ẹsẹ̀. Iṣan á wú, á lọ́ bí ejò lábẹ́ awọ. Ní alẹ́, ẹsẹ̀ á wúwo, á sì wú. Bí ènìyàn bá gbé e sókè kí ó tó sùn, á fà ní òwúrọ̀. Bí ó bá pẹ́, awọ tí ó wà ní òkè kókósẹ̀ ní apá inú á dúdú sí i, á le, egbò ńlá tí kò jìn á sì yọ níbẹ̀, tí yóò máa sun omi ṣáá. Egbò yìí ni ó lè lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ènìyàn, tí gbogbo àdúgbò á máa pè ní egbò àdáàjinná.

Èyí tí ó léwu jù nínú àrùn iṣan àbọ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ jinlẹ̀. Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1856 bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń já kúrò níbi tí ó wà lọ há sí ibòmíràn. Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn ń kà sí okùnfà rẹ̀ títí di òní: kí ẹ̀jẹ̀ má rìn dáadáa, kí ògiri iṣan fara pa, àti kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ yá láti dì. Nítorí náà ni ó fi ń ṣe ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, ẹni tí a fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó kán, aboyún àti abiyamọ tuntun, ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ, àti àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wú, tí á gbóná, tí á sì máa dun ni. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, ọkàn ni yóò gbà kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró: èémí á há lójijì, àyà á máa dunni, ènìyàn sì lè kú kí á tó sọ pé kí ni ó ṣe é.

Bí Oníṣègùn Ṣe Ń Mọ Èyí Tí Ó Ń Ṣàìsàn

Ọwọ́ ni oníṣègùn kọ́kọ́ ń lò. Ó ń wá ibi tí iṣan àlọ ti ń sọ ní itan, ní ẹ̀yìn orúnkún, ní ẹ̀yìn kókósẹ̀ àti ní ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, á gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, á wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí iṣan àlọ bá ti há, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gòkè, àtẹ́lẹsẹ̀ á funfun. Bí ó bá sọ ọ́ kọ́ sílẹ̀, á padà pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí èyí bá fi hàn pé nǹkan kan wà níbẹ̀, òǹkà ni ó kàn. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá ni a ó fi wọn agbára ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, a ó sì fi ti apá pín in. Bí apá bá jẹ́ 120 tí ẹsẹ̀ náà sì jẹ́ 120, èsì rẹ̀ jẹ́ 1, kò sí aburú. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ 60 nígbà tí apá jẹ́ 120, èsì rẹ̀ jẹ́ 0.5, iṣan àlọ sì ti dí gan-an. Láti 0.9 sílẹ̀ ni à ń kà sí àrùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo inú ara á fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sàn àti ibi tí ó ti dúró hàn. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń fi ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan àbọ̀ hàn. Bí a bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́-abẹ, a lè ta oògùn tí ó ń hàn nínú àwòrán sínú iṣan, kí a sì ya àwòrán ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Egas Moniz ti kọ́kọ́ ṣe é fún iṣan ọpọlọ ní Lisbon ní 1927, tí Reynaldo dos Santos sì ṣe é ní ìlú kan náà ní 1929 fún olórí iṣan àlọ tí ó gba inú ikùn kọjá.

Ibi Tí Ìtọ́jú Ti Takora

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbé wà. Ní ti iṣan àbọ̀, ìyà tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà, a ó gbé e ga ju ọkàn lọ kí ẹ̀jẹ̀ lè sàn padà, a ó sì fi ọ̀já dì í le láti ìdí ọmọ-ìka dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Egbò tí ó ti lo ọdún mẹ́ta lè jinná láàrin oṣù mélòó kan nítorí ọ̀já yìí, láìsí oògùn ìyanu kankan. Agbára tí ọ̀já náà ń fi dì ní ọrùn ẹsẹ̀ tó nǹkan bí 40 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti iṣan àlọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè wọlé ni. Bí a bá gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, a ti fi òkè síwájú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní agbára láti rin pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá sì fi ọ̀já dì í le, a ti pa ìwọ̀nba èyí tí ó ń kán wọlé. Ọ̀já kan náà, ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀kan á jinná, èkejì á kú. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í di egbò ẹsẹ̀ kí ó tó wọn ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀. Bí èsì náà bá wà ní ìsàlẹ̀ 0.8, kì í dì í le láìjẹ́ pé ó bi oníṣẹ́-abẹ tí ó mọ̀ nípa iṣan léèrè. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 0.5, kò ní dì í rárá.

Ohun Tí A Ń Ṣe sí Iṣan Àlọ

Ìtọ́jú iṣan àlọ kì í fi abẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́. A ó fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bí aspirin, àti statin tí ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù. A ó sì kọ́ ọ ní ìrìn: kí ó rìn títí ẹsẹ̀ yóò fi mú un, kí ó sinmi, kí ó tún rìn, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ni ó ń rin ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí wọ́n ń rìn tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́ kú, a ní láti la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀. Ìgbà kan wà tí kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe é. Ní 1894, wọ́n fi ọ̀bẹ gún Sadi Carnot, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Lyon. Iṣan àbọ̀ ńlá kan nínú ikùn rẹ̀ gé. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ìlú náà kò mọ bí a ti ń rán iṣan, ó sì kú. Alexis Carrel, ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú náà, kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ó lọ kọ́ bí a ti ń lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti òwú sányán lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń ṣe ọnà sí ara aṣọ. Ní 1902 ni ó kọ ọ́ jáde bí a ṣe lè rán etí iṣan méjì pọ̀ tí kò fi ní jò. Ní 1912, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ ọnà ni ó ṣí ilẹ̀kùn gbogbo iṣẹ́-abẹ iṣan ti òde òní.

Ní 1948, ní ìlú Paris, Jean Kunlin yọ iṣan àbọ̀ láti ara itan aláìsàn kan, ó sì rán an mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí iṣan àlọ ti dí, bí ẹni tí ó fi afárá kọjá odò. Ṣùgbọ́n kí ó tó rán an, ó kọ́kọ́ dorí rẹ̀ kodò. Kí ni ìdí? Àwọn ìlẹ̀kùn Harvey ni. Bí ó bá gbé e sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlẹ̀kùn náà ni yóò tì mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo bí ìmọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti ṣe pàtàkì tó: oníṣẹ́-abẹ tí kò bá bìkítà nípa ọ̀nà tí iṣan kọjú sí yóò rán an dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní kọjá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ìyá àgbà ọlọ́dún 82 kan wá, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú. Wọ́n ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ó ní òun kò gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Charles Dotter, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán inú ara, fi wáyà gba inú iṣan àlọ itan rẹ̀ kọjá ibi tí ó há, ó sì ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí wáyà náà, èyí tí ó tóbi tẹ̀lé èyí tí ó kéré, títí ọ̀nà fi là. Ẹsẹ̀ náà gbóná padà, ìyá náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ọjọ́ tí ó fi kú. Lẹ́yìn rẹ̀, Andreas Grüntzig ní Zürich bẹ̀rẹ̀ sí í lo bàlúùnù kékeré ní 1974 láti fẹ iṣan, ìyẹn ni a sì ń lò jù lónìí, pẹ̀lú àwọ̀n irin kékeré tí kò jẹ́ kí ọ̀nà náà tún pàdé.

Ní ti dídí òjijì, Thomas Fogarty ti kọ nípa ọgbọ́n tirẹ̀ jáde ní 1963. Ó so orí ìka ìbọ̀wọ́ oníṣẹ́-abẹ mọ́ ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. A ó tì í kọjá ẹ̀jẹ̀ dídì, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì fà á padà, ẹ̀jẹ̀ dídì á bá a jáde. Iṣẹ́ yìí a máa gba ẹsẹ̀ là, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará ilé tètè gbé aláìsàn dé.

Ohun Tí A Ń Ṣe sí Iṣan Àbọ̀

Fún ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan àbọ̀, abẹ́rẹ́ heparin ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1916, ní ìlú Baltimore, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan, Jay McLean, rí i pé ohun kan láti inú ẹ̀dọ̀ ajá kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ oògùn náà yọ.

Oníhóró tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ màlúù ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù tí ó jẹ koríko gbígbẹ kan tí ó ti bu ní Amẹ́ríkà Àríwá ń ṣẹ̀jẹ̀ kú. Ní 1933, àgbẹ̀ kan gbé agolo ẹ̀jẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò dì gba inú yìnyín lọ sí yunifásítì ní Wisconsin, ó sì bá Karl Paul Link pàdé. Ní 1939, àwọn ènìyàn Link rí májèlé inú koríko náà yọ. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, tí wọ́n fi ń pa eku láti 1948. Nígbà tí ó fi di 1955, oògùn eku yìí ti di ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú Ààrẹ Eisenhower lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ṣàìsàn. Oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lára ń lo irú oògùn yìí. Ẹni tí ó ń lo warfarin gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ a máa dín agbára rẹ̀ kù. A kò ní kí ó má jẹ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kí iye tí ó ń jẹ má ṣe máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Heparin ni à ń fún aboyún, nítorí pé kì í dé ara ọmọ inú. Warfarin lè ba ọmọ jẹ́. Àwọn oògùn tuntun ti wà lónìí tí kò bèèrè pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Ní ti iṣan tí ó lọ́ bí ejò, wọ́n a máa ti wáyà gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fi ooru pa á láti inú kí ẹ̀jẹ̀ lè gba àwọn tí ó dára lọ.

Ní Ilé Tiwa

Àwọn ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ wa ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ìlọrin ń rí àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ibẹ̀ àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúdú. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní làkúrègbé ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Wọ́n ti fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dì sí, bẹ́ẹ̀ wíwọ́ náà lè já ẹ̀jẹ̀ dídì sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́. Nígbà tí ẹran tí ó ti kú bá sì fẹ́ fi májèlé pa gbogbo ara, kí a gé ẹsẹ̀ ni ó kù kí ẹ̀mí má baà bọ́. Kì í ṣe ìwà ìkà ni dókítà hù.

Àtọ̀gbẹ ni ó ń mú ọ̀ràn yìí díjú jù, nítorí pé iṣan méjì tí à ń pè ní orúkọ kan náà ni ó ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń dí iṣan àlọ, ó sì ń pa iṣan tí ń gbé ìrora. Ìrora tí ì bá kígbe pé ẹsẹ̀ ń kú, kò sí mọ́. Ènìyàn lè fi òkúta sínú bàtà rìn láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má mọ̀. Ó tún lè sọ ògiri iṣan di líle tí ẹ̀rọ kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́, tí èsì yóò fi ju 1.4 lọ, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ní agbára. Nígbà náà, ọmọ-ìka ni a ń wọn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́, kí ó má rìn láìwọ bàtà, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ yáná.

Kò di dandan kí a mọ ẹ̀rọ kankan kí a tó lè ran dókítà lọ́wọ́. Bí a bá mú ènìyàn wa dé ilé-ìwòsàn, kí a má sọ pé iṣan ni ó ń dùn ún, kí a sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ bóyá ìrìn ni ó ń mú ìrora wá, tàbí ìdúró pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ bóyá gbígbé ẹsẹ̀ sókè ni ó ń tù ú, tàbí sísọ ọ́ kọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ náà tutù ni, tàbí ó gbóná? Ṣé ọmọ-ìka ni egbò wà, tàbí òkè kókósẹ̀? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó dé, tàbí lójijì? Ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún yìí lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí kún àkókò tí ẹsẹ̀ ní.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A ti wo ilé iṣan báyìí, a sì ti rí i pé ọmọ méjì ni ó wà níbẹ̀ tí à ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ara, ẹ̀yin tí ń sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò, àti ẹ̀yin tí ń ṣe ògbifọ̀ láàrin dókítà àti àwọn ìyá wa, ẹ̀yin ni iṣẹ́ náà kàn. Nígbà tí àgbàlagbà ará oko bá lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Iṣan àlọ mi ni, kì í ṣe iṣan àbọ̀," kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀já di ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé.